Ilẹ̀ Tí Mo Fi Orúnkún Tẹ́

Inú ṣì ń bí mi. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má baà rò pé mo jókòó síbì kan tí ara ti tù mí, tí mo wá ń fi ẹ̀rín sọ ohun tó ti kọjá. Ó ti kọjá lóòótọ́. Kò tíì tán nínú mi.

Ọmọ Adó-Èkìtì ni mí, àdúgbò Òkè-Ìlá ni wọ́n bí mi sí. Olùkọ́ ni bàbá mi. Èmi náà kàwé olùkọ́ parí kí n tó rí i pé kò síṣẹ́ níbẹ̀ fún mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tó ń tẹ́ táìsì ní àdúgbò Adébáyọ̀ ló mú mi mọ́ra, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń wo ilẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ni mo gbé dání wá sí Mọ́ltà, erékùṣù kékeré kan láàárín òkun, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ àwọn òyìnbó.

Àwọ̀ ìlú náà ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Gbogbo rẹ̀ ló dà bí ògì àgbàdo pupa. Ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, odi, àtẹ̀gùn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi òkúta ẹfun kọ́. Bí oòrùn ọ̀sán bá ràn sí i, ojú èèyàn ò ní lè là dáadáa, omi á máa jáde lójú rẹ bíi pé o ń sunkún. Ní ọjọ́ kìíní tí mo débẹ̀, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan, mo fi èékánná ha á. Ìyẹ̀fun jáde. Mo tún un ha, ìyẹ̀fun tún jáde.

Ọmọ orí òkè ni àwa ará Èkìtì. Òkúta tí mo mọ̀ dúdú, ó le, ó sì máa ń sọ irin di kúkúrú. Bí wọ́n bá fẹ́ fọ́ ọ láti fi ṣe ọ̀nà, wọ́n á ri ohun abúgbàù sí i nínú, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi á máa mì ní Òkè-Ìlá. Mo wá pe ìyá mi lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní, "Màámi, òkúta ibí rọ̀ bí ọṣẹ. Ayùn ni wọ́n fi ń gé e."

Ó ní, "Òkúta tó rọ̀, ṣé ìyẹn ni wọ́n fi ń kọ́ ulé? Máa ṣọ́ra rẹ níbẹ̀ o."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Àwa mélòó kan la jọ ń gbé yàrá kan. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, ará Èkó àti ará Ìbàdàn, mo sì rò pé mo ti rí ilé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti lanu, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Bí mo bá sọ pé mo ń lọ sí "ulé," wọ́n á gbà á lẹ́nu mi, wọ́n á máa sọ ọ́ káàkiri yàrá. Wọn ò ní ibi nínú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, èèyàn tí wọ́n ti ń fi ṣẹ̀sín láti òwúrọ̀ níbi iṣẹ́ kò fẹ́ kí wọ́n tún fi òun ṣẹ̀sín lálẹ́ ní èdè ìyá rẹ̀.

Níbi iṣẹ́, Máíkù ni wọ́n ń pè mí. Mo sọ orúkọ mi fún ọ̀gá wa, agbaṣẹ́ṣe tó gbà mí síṣẹ́. Ó gbọ́ ọ, ó ṣe bíi pé eṣinṣin ló kọjá, ó ní, "Máíkù ni wàá máa jẹ́." Máíkù kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gánà, ìyẹn náà kì í ṣe Máíkù. Bí ọ̀gá bá pè, àwa méjèèjì la máa ń dìde.

Gbígbé òkúta ni mo kọ́kọ́ ń ṣe, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n máa gé e. Eruku rẹ̀ kò ṣeé sọ. Ó ń wọ imú, ó ń wọ etí, ó ń wọ inú búrẹ́dì tí èèyàn fẹ́ jẹ. Bó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, mo ti funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Mo máa ń gbọn ara mi kí n tó wọ bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kì í tán. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi máa ń ṣófo títí a ó fi dé. Èrò á dúró, wọ́n á di irin mú, wọ́n á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ìjókòó á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo kọ́kọ́ rò pé eruku ni wọ́n ń sá fún. Mo wá wẹ̀ lọ́jọ́ Sunday kan, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo fi lọ́fínńdà sára, mo wọ bọ́ọ̀sì. Ìjókòó náà ṣófo.

Bàbá àgbàlagbà kan wà níbi iṣẹ́ wa tó ń jẹ́ Ṣáàlù, ọmọ bíbí ìlú náà. Òun ló kọ́ mi ní nǹkan nípa òkúta náà. Ó ní bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á jáde nínú ilẹ̀ ló máa ń rọ̀, pé bí afẹ́fẹ́ àti oòrùn bá ti fẹ́ sí i, ara rẹ̀ á yi. Ó ní èyí tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ le ju ti ògiri lọ, ibòmíràn ni wọ́n sì ti ń wà á. Ó kìlọ̀ fún mi pé èèyàn ò gbọdọ̀ fi símẹ́ǹtì lásán tẹ́ ẹ, nítorí ó máa fa àbààwọ́n sókè. Àpòpọ̀ yanrìn àti ẹfun tí wọ́n ti fi iná jó ló yẹ ẹ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ilẹ̀, ó sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá sì rán àwa méjèèjì sí ilé Kàmẹ́là.

Opó ni Kàmẹ́là. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ilé náà, ilé alájà méjì ní òpópónà tóóró kan. Nígbà kan, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti bo ilẹ̀ ìsàlẹ̀ pẹ̀lú táìsì olówó pọ́ọ́kú. Kàmẹ́là ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́, òun fẹ́ òkúta bó ṣe wà láyé bàbá òun. Orúnkún mi ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Mo to àwọn òkúta náà síta lójú oòrùn, mo ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí èyí tó pupa díẹ̀ má lọ bọ́ sáàárín àwọn tó funfun. Mo ń fi òòlù rọ́bà lù wọ́n wọlé, mo ń fi lẹ́fẹ̀lì wò wọ́n bóyá wọ́n tẹ́jú, bí ọ̀kan bá fi ìwọ̀n ewé kan péré ga ju ìkejì lọ, mo ń yọ ọ́.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí ìkarawun òkun kan hàn nínú rẹ̀, odindi, bíi pé ẹnì kan fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ síbẹ̀. Kàmẹ́là bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. Ó ní òkun ló bo ibi gbogbo nígbà àtijọ́, pé àwọn ẹran inú rẹ̀ ló di òkúta. Ó ní kí n má gé e. Mo tẹ́ ẹ sí ẹnu ọ̀nà yàrá inú, níbi tí ẹni tó bá ń wọlé á ti rí i.

Obìnrin yẹn ṣe mí dáadáa. Ó máa ń gbé kọfí àti búrẹ́dì olóròóró wá fún wa. Ó bi mí léèrè ìyá mi. Ó bi mí léèrè Fúnkẹ́, ìyàwó mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá mi ní Òkè-Ìlá nígbà náà. Ó ní, "Máíkù, ìwọ ti di ọmọ ilé yìí." Lọ́jọ́ tí a parí, Ṣáàlù rìn yí gbogbo yàrá ká láìwọ bàtà. Ó padà wá, ó ní òun ò rí ohun tí òun máa tún ṣe. Mo ya fọ́tò ilẹ̀ náà, mo fi ránṣẹ́ sílé. Ìyá mi ní, "Kú uṣẹ́ o, ọmọ mi. Ó mọ́ bí abọ́." Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn. N kò ní parọ́, inú mi dùn.

Nígbà tó yá, ó tó àkókò kí Fúnkẹ́ wá bá mi. Ìjọba ibẹ̀ ní mo gbọ́dọ̀ ní ilé tó dára tí tọkọtìyàwó lè gbé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé. Bí mo bá pè lórí fóònù, ilé á wà. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, ilé ò ní sí mọ́. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé ohun tí mo rò náà ni.

Ọjọ́ kan, mo gba òpópónà Kàmẹ́là kọjá, mo rí páálí lára ilẹ̀kùn rẹ̀ pé ilé wà fún ìyálò. Ìsàlẹ̀ ni, ibi tí mo tẹ́ gan-an. Ọkàn mi fò sókè. Mo pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e. Kò mọ̀ pé èmi ni. Ó ní ilé wà, kí n máa bọ̀ lọ́sàn-án.

Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ó dì mọ́ mi. "Máíkù, wọlé. Ṣé kí n po kọfí?"

Mo ní, "Màmá, èmi ni mo pè yín láàárọ̀ nípa ilé yìí. Ìyàwó mi ń bọ̀."

Mo rí i bí ẹ̀rín ṣe kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn mi, bíi pé ẹlòmíràn ń bọ̀ tó máa gbà á sílẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ti gbà á."

"Ta ló gbà á, Màmá? Àárọ̀ yìí la sọ̀rọ̀."

"Wọ́n ti gbà á, Máíkù."

Mo dúró. Nígbà tó rí i pé n kò lọ, ó ní, "O mọ̀ mí. Kì í ṣe èmi. Àwọn aládùúgbò ni, àti ọmọ mi. Wọ́n ní téèyàn bá gba ẹyọ kan sílé, gbogbo yín lẹ máa kó dé."

"Àwa wo nìyẹn?"

Ó bú sẹ́kún. Ẹkún yẹn ló dùn mí jù, ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ. Òun ló lé mi, òun náà ló ń sunkún, ó sì fẹ́ kí n dúró níbẹ̀ kí n máa tu òun nínú. Mo wolẹ̀. Orí ìlà tí òkúta méjì ti pàdé ni ẹsẹ̀ mi wà, ìlà náà sì tọ́ tọ́ọ́ títí dé ògiri. Mo mọ bí ẹ̀yìn ṣe dùn mí tó lọ́jọ́ tí mo fa ìlà yẹn. Mo ní, "Màmá, ilẹ̀ yín dára." Mo jáde. Mo rìn títí tí n kò fi mọ ibi tí mo wà mọ́, òkúta ni gbogbo rẹ̀, ògiri lọ́tùn-ún, ògiri lósì, mo sì ń wò wọ́n pé ta ló gbé yín, ta ló gé yín, níbo sì ni ẹni náà sùn lánàá.

Páálí yẹn ṣì wà lára ilẹ̀kùn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo ń rí i láti inú bọ́ọ̀sì.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀gá pè mí. Ó ní Kàmẹ́là fẹ́ àtẹ̀gùn òkúta lẹ́yìn ilé, nítorí àwọn tó máa gba ilé náà. Ó ní Máíkù nìkan ló fẹ́ kó ṣe é.

Mo ní n kò lọ.

"O ò lọ?" Ó wò mí bíi pé òkúta ló fọhùn. "Ṣé o mọ̀ pé nítorí mi ni ìjọba ṣe jẹ́ kí o wà níbí?"

Mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbé èjìká sókè. "Ilé rẹ̀ ni."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Orúnkún tèmi sì ni."

Ó ní kí n máa lọ sílé títí òun á fi pè mí. Kò pè mí. Ṣáàlù wà níbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń fi àkísà nu irin iṣẹ́ rẹ̀, kò sì gbójú sókè. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni, n kò lè bú u. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé àkísà yẹn.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e burú. Àwọn ará yàrá mi á lọ síbi iṣẹ́, èmi á jókòó lórí ibùsùn. Mo ń bẹ̀rù pé bí n kò bá rí agbaṣẹ́ṣe mìíràn, wọ́n á ní kí n padà sílé. Láàárín ìgbà yẹn ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Dàpọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní Adó. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, òun ló ń bójú tó ilé wa ní Òkè-Ìlá àti àwọn yàrá ẹ̀yìn tí a fi ń gba ayálégbé. Mo fẹ́ kó bá mi bínú. Ohun tí mo pè é fún nìyẹn.

Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Àbúrò, kí lo wá fẹ́ kí obìnrin náà ṣe? O ṣiṣẹ́, wọ́n sanwó fún ọ, ó parí. Ṣé torí pé o tẹ́ ilẹ̀, ilé ti di tìrẹ?"

"Bọ̀dá, n kò ní ilé ti di tèmi. Mo fẹ́ yá a ni."

"Gba kádàrá. Kò síbi tí wọn kì í ti í ṣe bẹ́ẹ̀. Àgàtú kan tó wáṣẹ́ wá sí Adó ló bá wa mọ bulọ́ọ̀kù tí a fi kọ́ ilé ẹ̀yìn, òun náà ló wá bá mi lọ́jọ́sí pé òun fẹ́ yàrá kan, òun àti ìyàwó rẹ̀. Mo ní wọ́n ti gbà á. Ṣé ìyẹn pa á?"

Mo gbé fóònù kúrò létí, mo wò ó, mo tún gbé e padà. Mo ní, "Ṣé wọ́n ti gbà á lóòótọ́?"

"Rárá o. Yàrá tìrẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ni, ó ṣófo. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ti gba ẹyọ kan nínú wọn sílé, gbogbo wọn ló máa kó dé."

N kò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ohun tó ṣe mí. Kàmẹ́là ò mọ Bọ̀dá Dàpọ̀. Ọ̀kan ń gbé láàárín òkun, ìkejì ń gbé láàárín òkè, ọ̀rọ̀ kan náà ló jáde lẹ́nu wọn.

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ fún ọkùnrin náà ní yàrá yẹn."

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Bàbá wa ló fún mi ní yàrá yẹn kó tó kú. Ẹ fún un."

"Òyìnbó lé ọ, o wá fẹ́ fi ìkanra rẹ̀ dá ilé wa rú. Má pè mí mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí." Ó pa fóònù.

Ṣáájú ọjọ́ yẹn, ìbínú mi ní ojú kan. Mo mọ ẹni tí mo ń bínú sí, mo mọ òpópónà tó ń gbé. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń fi ojú lé mi níbẹ̀, ohun tó ń gbé mi ró ni pé mo ní ilé, pé ibì kan wà tí wọn kì í ti í ṣe báyìí. Ọkùnrin yẹn mọ bulọ́ọ̀kù ilé tí mo fi ń yangàn, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà wa bí mo ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà Kàmẹ́là. Mo wá ń bínú sí ilé tí mo ń sunkún pé mo fẹ́ padà sí.

Mo pe ìyá mi. Oko ìrẹsì rẹ̀ ní Ìgbẹmọ ló wà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sínú fóònù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti Kàmẹ́là, ti ọ̀gá, ti Bọ̀dá Dàpọ̀.

Nípa ti Kàmẹ́là, ó ní, "Má lọ ṣe àtẹ̀gùn yẹn. Ẹni tí kò fẹ́ kí o gbé ulé òun, kó wá ẹlòmíràn tó máa bá a tún un ṣe."

Nípa ti ọkùnrin náà, ó bi mí pé, "Dàpọ̀ ò sọ orúkọ rẹ̀ fún ọ?"

Mo ní kò sọ ọ́.

"Òchẹ́ ló ń jẹ́. Ìyàwó rẹ̀ lóyún." Ó ní, "Orí mi ni mo fi ru omi tí wọ́n fi po amọ̀ ulé iwájú yẹn, kí wọ́n tó bí Dàpọ̀." Kò ṣèlérí kankan. Ó ní òjò ń ṣú, kí n jẹ́ kí òun palẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ padà dé. Ọmọ ilẹ̀ Síríà kan, tóun náà wá síbẹ̀ láìní nǹkan kan, ti di agbaṣẹ́ṣe kékeré. Ọ̀rẹ́ mi ará Gánà ló mú mi lọ bá a. Títí ìjọba fi fọwọ́ sí i pé mo lè bá a ṣiṣẹ́, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi. Ó bi mí léèrè orúkọ mi, mo sọ ọ́, ó ní kí n tún un sọ, ó sì kọ́ ọ títí ó fi rọ̀ ọ́ lẹ́nu. Fúnkẹ́ náà dé. Orí ilé mẹkáníìkì kan la ń gbé, símẹ́ǹtì lásán ni ilẹ̀ rẹ̀, òórùn epo ọkọ̀ sì ń gòkè wá bá wa. Òkúta ẹfun ni mo ṣì ń tẹ́, nítorí kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Mo ń tẹ́ ẹ dáadáa. Bí mo bá ti tẹ́ ẹ tán, mo ń kó irin mi, n kì í mu kọfí ẹnikẹ́ni.

Bọ̀dá Dàpọ̀ kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní. Ẹnu Fúnkẹ́ ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó kúrò nílé. Ó ní ìyá mi lọ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyàwó Bọ̀dá lọ́jọ́ kan tí Bọ̀dá wà níbi iṣẹ́, ó gbá yàrá náà fúnra rẹ̀, ó fi omi fọ̀ ọ́, ó sì lọ mú Òchẹ́ àti ìyàwó rẹ̀ wá. Nígbà tí Bọ̀dá dé tó ń pariwo, ìyá mi ní kó wá lé òun náà jáde.

Lọ́jọ́ Sunday kan, mo pe ìyá mi lẹ́yìn ìsìn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó ní, "Dúró, ẹnì kan ń wá ọ." Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin.

"Bọ̀dá, ẹ kú ọ̀sán. Òchẹ́ ni. Òjò ń jò sí yàrá yín yìí o. Orí ibi tí ìyàwó mi ń tẹ́ ọmọ sí gan-an ló ń jò sí. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n yín, kò dá mi lóhùn. Kí la máa ṣe sí i?"

Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò súre fún mi. Ohùn ẹni tó ń gbé nínú ilé ló fi bá mi sọ̀rọ̀, ara mi sì balẹ̀ nítorí ohùn yẹn ju bí ì bá ti balẹ̀ ká ní ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lọ.

Mo ní kó bá mi gun òrùlé lọ nísinsìnyí, kó wo ibi tí páànù ti ya, kó sì pè mí padà.

Ó ní ọjọ́ Ìsinmi lónìí, òun ò ní gun òrùlé kankan.